Kílọ́ọ̀ṣì Tó Le, àti Orúkọ Àwọn Ẹ̀yà Rẹ̀

Awakọ̀ tó ń gbé gẹdú láti ìgbẹ́ Odígbó wá sí Ọ̀rẹ̀ kì í sọ pé kílọ́ọ̀ṣì òun wúwo. Ohun tí yóò sọ ni pé, "Kílọ́ọ̀ṣì mi ti le." Ó tọ̀nà. Ohun tí a gbé ló ń wúwo. Ohun tí a tẹ̀ tí kò gbà ló le. Ọ̀dọ̀ irú awakọ̀ yìí ni ó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ kọ ìwé ọkọ̀ ní Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ti ṣe tiwọn. Ní 1984, Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní Èdè-Ìperí Yorùbá. Ti Ọládélé Awóbùlúyì jáde ní 1990. Ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni wọ́n gbájú mọ́. Ti ọkọ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ará títì. Àwọn ló sọ Volkswagen Beetle di ìjàpá, tí wọ́n pe ọkọ̀ akérò onípákó ní bọ̀lẹ̀kájà, tí wọ́n sì fi Tòkunbọ̀, orúkọ ọmọ tó ti òkè òkun bọ̀, pe ọkọ̀ àlòkù.

Kílọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ kò nílò orúkọ mìíràn, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀ ló ń fa wàhálà. Ẹni tó ní kí onípáàtì ta "kílọ́ọ̀ṣì" fún òun lè gba ẹyọ kan péré nínú ohun mẹ́ta. Àwo kílọ́ọ̀ṣì ni àkọ́kọ́, òun ló ń jẹ. Èkejì ni irin tí sípíríǹ rẹ̀ ń tẹ àwo mọ́ fúláìwíìlì ẹ́ńjìnnì. N kò fẹ́ kí á pè é ní àwo pẹ̀lú, nítorí àwo méjì yóò da ọjà rú. Mo pè é ní atẹ̀mọ́. Ẹ̀kẹta, bẹ́ríǹ tó ń ti ìka atẹ̀mọ́ nígbà tí a bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kí àwo lè bọ́: bẹ́ríǹ atúsílẹ̀.

Bí orúkọ bá ti wà, àlàyé yóò rọrùn. Bí àwo bá ti jẹ, atẹ̀mọ́ á sún mọ́ fúláìwíìlì, ìka rẹ̀ á yọ síta, agbára tí ẹsẹ̀ yóò fi tì í á sì pọ̀ sí i. Ẹni tó pààrọ̀ bẹ́ríǹ nìkan nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò tíì wo àrùn náà.

Ṣùgbọ́n inú nìkan kọ́ ni líle ti ń wá. Ẹ́ńjìnnì ìjàpá wà lẹ́yìn, nítorí náà wáyà kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ gba abẹ́ ọkọ̀ láti ẹsẹ̀ awakọ̀ dé ìdí. Bí ó bá dípẹtà, kílọ́ọ̀ṣì á le bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwo ṣì dára. Peugeot 504 kò ní wáyà. Òróró inú páìpù ló ń ṣiṣẹ́ náà. Mo dábàá ajíṣẹ́ fún méjèèjì: ajíṣẹ́ oníwáyà, ajíṣẹ́ olóróró.

Níbi ìjàpá gan-an ni orúkọ tó péye ti ń gba owó ẹni là. Àwo kan fẹ̀ tó 180 mílímítà, òmíràn 200. Atẹ̀mọ́ àtijọ́ ní òrùka láàárín tí bẹ́ríǹ ń fara tì. Èyí tó dé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 kò ní, bẹ́ríǹ tirẹ̀ sì yàtọ̀. Kí mẹkáníìkì ní Odígbó sọ lórí fóònù pé, "Ẹ bá mi gbé atẹ̀mọ́ olórùka, 200," kí onípáàtì ní Ọ̀rẹ̀ sì mọ èyí tí yóò fà yọ.