Ọjọ́ tí a ń lọ sí Gálílì

Ọmọ-ọmọ mi kan, tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, bi mí ní ìbéèrè kan ní Ìkẹ́rẹ́, ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé Àjíǹde. A ti wọṣọ tán, ìyá rẹ̀ ti di àkàrà sínú abọ́, ni ó bá ní, “Bàbá àgbà, Gálílì dà? Ṣé ọkọ̀ ni a óò wọ̀ débẹ̀?”

Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àgbà tí ó ń jó tẹ̀lé ìlù lọ sí Gálílì lọ́jọ́ náà ni kò lè dá a lóhùn. Wọ́n á mú ọmọ wálé láti Èkó, wọ́n á dá aṣọ fún un, wọ́n á fún un ní ìrẹsì, ó parí.

Gálílì tòótọ́ wà ní ìhà àríwá ilẹ̀ Ísírẹ́lì. Ìwé Mátíù sọ pé nígbà tí Jésù jíǹde, ó ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ pé kí wọ́n lọ pàdé òun níbẹ̀, orí òkè ni wọ́n sì ti rí i. Èyí ni ọ̀pọ̀ ìjọ nílẹ̀ Yorùbá dì mú, tí wọ́n fi ń jáde lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde pẹ̀lú orin, lọ sí pápá tàbí abẹ́ igi, láti jẹ àti láti ṣeré. Ibi tí wọ́n bá dúró sí ni Gálílì ọjọ́ náà. Òkè kò kúkú wọ́n wa ní Ìkẹ́rẹ́, níbi tí Olósùnta àti Òrólè ti ń wo ìlú.

Báwo ni ọdún yìí ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Ọ̀nà ogun ni ó gbà wá. Kí ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀, àti nígbà tí ó ń lọ, a kó ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì lẹ́rú. Àwọn mìíràn pàdé ìsìn Kristi ní ìgbèkùn. Àlùfáà Charles Phillips ti Oǹdó àti Samuel Johnson ni ó gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà káàkiri àwọn ibùdó ogun ní 1886. Ní 1893 ni àwọn ọmọ-ogun tú ká, ọdún náà ni Phillips sì di bíṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí ọ̀nà là, àwọn tí a kó lẹ́rú ń padà bọ̀ pẹ̀lú ìgbàgbọ́ tuntun. Babamúbọ̀ní ará Adó wà lára wọn.

Ẹ wò ó ná. Ìyá tí ó ti sunkún ọmọ rẹ̀ bí ẹni sunkún òkú, tí ó wá rí i tí ó ń bọ̀ lójú ọ̀nà oko: ṣé ọ̀rọ̀ àjíǹde yóò ṣòro fún un láti gbọ́? Èmi kò rò bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọmọdé tún máa ń béèrè ìdí tí ọjọ́ ọdún yìí kò fi dúró lójú kan bíi Kérésìmesì. Òṣùpá ni. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù tí ó pàdé ní Nísíà ní 325 fẹ́ kí gbogbo ìjọ máa ṣe é pọ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi kan náà. Ọjọ́ Ìsinmi tí ó bá tẹ̀lé òṣùpá àrànmọ́jú àkọ́kọ́ láti 21 oṣù kẹta ni, nítorí náà kì í ṣíwájú 22 oṣù kẹta, kì í sì í kọjá 25 oṣù kẹrin. Ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ àti ní Emùré, òjò àkọ́rọ̀ ni ìgbà náà. Iṣu tuntun kò tíì dé; èyí tí ó kù lọ́gbà ni a fi ń gúnyán ọdún.

Mo gbé ọmọ náà sí èjìká, mo sì sọ ìtàn ìyá yẹn fún un bí a ti ń lọ. Ó dákẹ́ títí a fi dé abẹ́ igi.

Ó ní, “Ṣé ó gúnyán fún ọmọ ẹ̀?”

Mo ní, “Bí iṣu bá kù.”