Láti Káàdì Alájọ dé Inú Ìkùukùu: Ta Ló Ń Tọ́jú Àkọsílẹ̀ Owó Ọjà?

Kí báǹkì tó tò lọ bẹẹrẹ ní òpópónà Táíwò nílùú Ìlọrin, àwọn ọlọ́jà ilẹ̀ Yorùbá ti mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àkọsílẹ̀ owó. Káàdì alájọ kò ju páálí kékeré lọ: orúkọ oníbàárà wà lókè, àpótí 31 wà nísàlẹ̀, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Bí oṣù bá parí, owó ọjọ́ kan di ti alájọ. Ibi méjì ni àkọsílẹ̀ yìí ń gbé: inú ìwé alájọ, àti ọwọ́ ẹni tó ni owó. Bí ọ̀kan bá parọ́, èkejì yóò jẹ́rìí.

Ọgbọ́n àpótí yìí kò jìnnà sí èyí tí Edgar Codd, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ IBM, gbé jáde lọ́dún 1970. Ó ní kí a to àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà sí ìlà ìbú àti ìlà òòró, kí a lè béèrè ohun tí a fẹ́ láìwá ibi tí ẹ̀rọ tọ́jú rẹ̀ sí. Orí ìlànà yìí ni ọ̀pọ̀ báǹkì gbé ìwé owó wọn kà.

Nígbà tó yá, àkọsílẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ẹ̀rọ kan lè gbé lọ. Àgbájọ ọwọ́ la sì fi ń sọ̀yà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2006, Amazon bẹ̀rẹ̀ sí í yá aráyé ní àyè ìkópamọ́ tí wọ́n pè ní S3. Lọ́dún kan náà, àwọn onímọ̀ Google ṣàlàyé Bigtable, tó ń gé tábìlì ńlá sí wẹ́wẹ́, tó sì ń pín in fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ. Èyí ni ayé ń pè ní ìkùukùu. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú ọ̀run ló wà: ilé ni, lórí ilẹ̀, pẹ̀lú iná, ẹ̀rọ amúlétutù àti ẹ̀ṣọ́.

Nàìjíríà náà kó tirẹ̀ jọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2014, Báǹkì Àpapọ̀ àti àwọn báǹkì yòókù bẹ̀rẹ̀ BVN, nọ́ńbà 11 tó so ìka ọwọ́ àti ojú oníbàárà mọ́ gbogbo àkáǹtì rẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ kò kéré. Àmọ́ káàdì kejì, èyí tó máa ń wà lápò oníbàárà, ti pòórá.

Ewu rẹ̀ hàn ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, ọdún 18 géérégé lẹ́yìn tí S3 bẹ̀rẹ̀. Okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire. Iṣẹ́ báǹkì àti ti ìbánisọ̀rọ̀ dàrú ní Nàìjíríà. Owó kankan kò sọnù nínú òkun. Ọ̀nà tó lọ síbi àkọsílẹ̀ ló dí. Lójú ẹni tó fẹ́ ra ọjà lọ́jọ́ náà, ìyàtọ̀ wo ló wà níbẹ̀?

Ẹlẹ́rù ní í gbé ibi tó wúwo. Òfin ìdáàbòbò dátà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 fún ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ẹ̀dà àkọsílẹ̀ tí ilé iṣẹ́ kan ní nípa rẹ̀. Ẹ̀tọ́ yìí ni káàdì kejì ayé òde òní. Alájọ kì í dúró kí oníbàárà bẹ̀ ẹ́ kó tó fi í lé e lọ́wọ́. Ìkùukùu kì í fúnni láìbéèrè. Ọlọ́jà tó bá ń gba àkọsílẹ̀ àkáǹtì rẹ̀ lóṣooṣù, tó ń tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, tó sì ń tọ́jú rẹ̀ sílé, ọgbọ́n àtijọ́ ló ń lò, kò sì tíì gbó.