Èdè-Ìperí fún Hẹ́dífóònù Onílù àti Onímíkísà

Oríṣi hẹ́dífóònù méjì ló wọ́pọ̀ nídìí iṣẹ́ ìró. Ní ti àkọ́kọ́, ike tó bo etí ní ihò lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ àti ìró sì ń gba ibẹ̀ wọlé, wọ́n ń gba ibẹ̀ jáde. Irú rẹ̀ ni HD 414 tí ilé-iṣẹ́ Sennheiser gbé jáde ní Jámánì lọ́dún 1968. Ní ti èkejì, ẹ̀yìn ike náà dí pátápátá. Èkejì yìí ni onílù ń gbé sétí nígbà tí wọ́n bá ń gba ìlù rẹ̀ sílẹ̀, òun náà sì ni onímíkísà ń lò lójú agbo. Bí a bá fẹ́ fi Yorùbá kọ́ni níṣẹ́ yìí, iṣẹ́ tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ń ṣe ló yẹ kí orúkọ rẹ̀ ti jáde.

Hẹ́dífóònù fúnra rẹ̀ kò nílò orúkọ tuntun. Tọmọdé tàgbà ló ń pè é bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pe máíkì àti míkísà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín oríṣi méjèèjì ló ń wá orúkọ. Ẹnìkan lè sọ pé “ẹlẹ́yìn pípadé”, ṣùgbọ́n bí àmì ohùn kò bá sí lórí rẹ̀, òǹkàwé lè kà á sí “pípàdé”. “Ẹlẹ́yìn dídé” náà lè mú ọkàn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ti àjò bọ̀. Ihò ni à ń dí, nítorí náà “ẹlẹ́yìn dídí” ló ṣe regí, “ẹlẹ́yìn ṣíṣí” sì ni òdìkejì rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ nípa ìró gan-an gba ìṣọ́ra. Àwọn onímọ̀ èdè ti ṣiṣẹ́ ribiribi lórí èdè-ìperí. Ọdún 1984 ni ìwé Yoruba Metalanguage tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde. Nínú gírámà, ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ kò rú ẹnikẹ́ni lójú. Nídìí míkísà, wọ́n lè dàrú. Ẹni tí wọ́n ní kó gbé ohùn sókè, ariwo ni yóò fi kún un, kò ní sọ ohùn náà di tínrín. Ó dára kí a ya méjèèjì sọ́tọ̀. Kímbálì, tí àwọn tó ń ka Bíbélì Yorùbá ti mọ̀ lórúkọ, ní “ohùn gooro”. Ìlù ńlá tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lù ní “ohùn tó rinlẹ̀”. “Agbára ìró” ni kí a pe èyí tí à ń fi dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì wọ̀n.

Iṣẹ́ méjì ni ẹ̀yìn dídí ń ṣe. Èkíní ni “ìdínà ìró”: kì í jẹ́ kí ariwo ìta wọ etí. Sennheiser sọ pé HD 280 Pro lè dín ariwo ìta kù tó dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 32. Ṣùgbọ́n ohùn gooro ni ìdínà ń ká lọ́wọ́ kò jù. Ohùn tó rinlẹ̀ ṣì ń rọ́nà wọlé. Apá awò ojú pàápàá lè gbé tìmùtìmù hẹ́dífóònù kúrò lára awọ, kí àlàfo sì ṣí sílẹ̀. Èyí yàtọ̀ sí “ìparẹ́ ìró” ti hẹ́dífóònù oníbátìrì, tó ń fi máíkì inú rẹ̀ gbọ́ ariwo, tó sì ń dá ìró òdì rẹ̀ sílẹ̀ láti pa á rẹ́.

Iṣẹ́ kejì ni dídènà “ìjò ìró”, kí ohun tó wà nínú hẹ́dífóònù má baà dé inú máíkì. Ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún un, ṣùgbọ́n ní Yorùbá, ohun tó bá wà nínú nǹkan tó sì ń yọ́ jáde, jíjò ló ń jò. Máíkì tí wọ́n gbé kọ́ sókè orí onílù ló máa ń tú àṣírí ìjò. Nígbà tí ìlù bá ń lọ kíkankíkan, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Bí orin bá ń parí lọ, tó ku kímbálì nìkan tó ń dún rọra, kọ́-kọ́-kọ́ inú hẹ́dífóònù yóò hàn ketekete lábẹ́ rẹ̀.

Kọ́-kọ́-kọ́ yìí ni àwọn olórin ń pè ní kílíìkì. Ó ń ṣe ọgbọọgba, kí onílù má baà sáré ju orin lọ. Ó lè dà bíi pé “agogo” bá a mu, nítorí agogo ló ń di ìlù mú lójú agbo Yorùbá. Ṣùgbọ́n agogo ní ìlù tirẹ̀ tó ń lù, ó ń gùn níbì kan, ó ń kúrú níbòmíràn. Kílíìkì kò ní ju ìdíwọ̀n lọ. Kílíìkì ni kó máa jẹ́, kí “ìró ìdíwọ̀n” jẹ́ àlàyé rẹ̀.

Óòmù tí wọ́n ń kọ sára hẹ́dífóònù ń sọ bí ó ṣe ń ta ko iná tó. “Ìtakò iná” ló yẹ ẹ́, nítorí a ti fi ìdínà fún ìró. DT 770 Pro ti Beyerdynamic wà ní óòmù 32, 80 àti 250. Èyí tó jẹ́ 250 ń fẹ́ ampilifáyà tó lágbára. Bí wọ́n bá kì í bọ fóònù, ìró rẹ̀ lè má tó onílù. Sony MDR-7506 jẹ́ óòmù 63, HD 25 ti Sennheiser jẹ́ 70.

Lójú agbo, “ìgbọ́lọ́tọ̀” ni onímíkísà ń wá: ó ń tẹ bọ́tìnnì láti gbọ́ máíkì kan ṣoṣo láàárín ariwo. HD 25 rọrùn fún èyí, nítorí a lè yí ike kan kúrò létí, kí etí kejì máa gbọ́ agbo. Onílù kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà ìgbasílẹ̀, torí ike tó bá ṣí yóò jò. Ìdínà tó dára tún ń dáàbò bo etí, nítorí kò ní jẹ́ kó di dandan láti fi agbára ìró kún kílíìkì. Àjọ NIOSH, tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, fi wákàtí 8 lóòjọ́ ṣe gbèdéke fún etí tó ń gbọ́ ìró dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 85. Ìgbàkígbà tí dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 3 bá lé e, àkókò náà á dín sí ìdajì. Tó bá fi máa di 100, ìṣẹ́jú 15 péré ló kù.