BIOS àti Iná Mànàmáná: Ìtàn Ìjàǹbá Kan Nínú Iṣẹ́ Àtúnṣe Kọ̀ǹpútà ní Èkó

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni bébà yìí gbé yẹ̀ wò: kí ló dé tí kọ̀ǹpútà tí ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa fi ń kú nígbà tí a bá ń sọ BIOS rẹ̀ di tuntun? Ní Kétu, Ìkòsì àti Mile 12, ẹni tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí a máa sọ pé atúnkọ̀ǹpútàṣe kò mọṣẹ́. A kò gbà bẹ́ẹ̀ tán.

BIOS ni ìlànà àkọ́kọ́ tí kọ̀ǹpútà ń kà bí a bá ti tàn án, kí ó tó kan Windows. Inú ṣíìpù kékeré kan lórí mọ́dábọ́ọ̀dù ni ó wà. Nígbà tí IBM gbé PC rẹ̀ jáde ní 1981, inú ROM ni wọ́n kọ ọ́ sí, èyí tí kò ṣeé pa rẹ́. Bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, àfi kí a yọ ṣíìpù náà. EPROM, tí Dov Frohman ṣe ní Intel ní 1971, ṣeé pa rẹ́, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ultraviolet ni a ó tàn sí i. Iṣẹ́ náà nira, àmọ́ ẹnikẹ́ni kò lè ṣèèṣì bà á jẹ́.

Fílááṣì, tí Fujio Masuoka ti ilé iṣẹ́ Toshiba fi han àwọn onímọ̀ ní 1984, ni ó yí ọ̀rọ̀ padà. Láàárín àwọn ọdún 1990, kọ̀ǹpútà ti lè pa BIOS ara rẹ̀ rẹ́ kí ó sì kọ òmíràn. Ibẹ̀ gan-an ni ewu sá pamọ́ sí: a gbọ́dọ̀ pa ti àtijọ́ rẹ́ kí a tó kọ tuntun. Bí iná bá lọ láàárín méjèèjì, fáànù lè máa yí, ojú kọ̀ǹpútà a sì dúdú; ohun tí ì bá ka oògùn náà ni ó ti sọnù. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin 1999, kòkòrò CIH tí Chen Ing-hau ará Taiwan kọ fi àìlera yìí han gbogbo ayé, nígbà tí ó ń kọ ìkọkúkọ sínú BIOS àwọn ẹni ẹlẹ́ni.

Níbi tí iná kì í lọ, ìkìlọ̀ pé kí a má pa kọ̀ǹpútà lẹ́nu iṣẹ́ yìí dà bí àṣà lásán. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní Èkó. A dá NEPA sílẹ̀ ní 1972, ó di PHCN ní 2005, ìjọba fi ìpínkiri iná lé àwọn aládàáni lọ́wọ́ ní 2013. Síbẹ̀ iná kò yé lọ. Nítorí náà ni àwọn atúnkọ̀ǹpútàṣe fi ń rí i pé bátìrì láàpútọ́ọ̀pù kún, tí wọ́n sì ń so ti orí tábìlì mọ́ inverter. Wọn kì í gbára lé jẹnẹrétọ̀ nìkan (epo òun náà a máa tán láìròtẹ́lẹ̀).

Èyí tó bá kú, wọ́n a gbé e lọ sí Òtígbà ní Ìkẹjà, àdúgbò ibùgbé tí ó di ọjà kọ̀ǹpútà ní ìparí àwọn ọdún 1990. Ẹ̀rọ kékeré tí à ń pè ní CH341A ni wọ́n ń lò níbẹ̀, pẹ̀lú ohun ìfimú tí ó di ẹsẹ̀ mẹ́jọ ṣíìpù náà mú. Ọ̀jáfáfá a kọ́kọ́ ka ohun tó wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, a fi méjèèjì wéra, a sì tọ́jú ẹ̀dà kan, nítorí nọ́ńbà ìdánimọ̀ kọ̀ǹpútà náà lè wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá da BIOS kọ̀ǹpútà mìíràn sí i láìwo ìyẹn, orúkọ ẹlòmíràn ni ó sọ ọ́.

Ní ṣọ́ọ̀bù tí a jókòó sí ní Kétu, ìbéèrè tí ọ̀gá kọ́kọ́ ń bi oníbàárà ni pé kí ni BIOS àtijọ́ ṣe fún un. Bí kò bá ṣe nǹkan kan, kì í fọwọ́ kàn án.