Dánfó Tí Olóòótọ́ àti Olè Jọ Ń Wọ̀

Ẹ̀yin ará mi, ṣé ẹ rántí June 2021? Twitter pa ọ̀rọ̀ Ààrẹ Buhari rẹ́, ìjọba àpapọ̀ náà sì ti Twitter pa. Láti Mafoluku dé Okota, kí ilẹ̀ tó mọ́, VPN ti wà lórí fóònù àwọn ọ̀dọ́ wa. Oṣù méje ni wọ́n fi lò ó, títí di January 13, 2022. Ìgbà tó yá, ilé ẹjọ́ ECOWAS ní ìjọba ló rú òfin.

Ìfojúpamọ́ yìí, kì í ṣe ọ̀daràn ló kọ́kọ́ ṣe é o. Àwọn olùwádìí ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ ohun tó di Tor ní àárín àwọn ọdún 1990. Àlùbọ́sà ni wọ́n fi wé, torí ó ní ìpele-ìpele: iṣẹ́ tí o rán á gba ọwọ́ mẹ́ta kọjá, ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ò mọ̀ ju ẹni tó gbé e wá àti ẹni tó kàn. Wọ́n ṣí i fún gbogbo ayé ní 2002. Kí ló dé? Ẹ wo dánfó Òṣòdì kan tó jẹ́ sójà nìkan ló ń wọ̀ ọ́. Bó bá ti yọ lókèèrè, gbogbo wa ti mọ ẹni tó wà nínú ẹ̀. Àfi kí aláta, akẹ́kọ̀ọ́ àti oníròyìn náà wọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé, torí olè náà lówó ọkọ̀.

Ní 2011, Ross Ulbricht dá Silk Road sílẹ̀ níbẹ̀, ọjà oògùn olóró. Ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ní San Francisco ní October 2013. Ọ̀kan nínú ohun tó tú u fó ni ímeèlì tó ní orúkọ òun fúnra ẹ̀, tó kọ síta nígbà tó ń wá òṣìṣẹ́.

Èyí tó dùn mí jù ni Playpen, níbi tí wọ́n ti ń pín àwòrán àwọn ọmọdé tí wọ́n ń bá ṣe ìṣekúṣe. FBI gbà á lọ́wọ́ wọn ní February 2015, àmọ́ wọn ò tì í lójú ẹsẹ̀. Wọ́n jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n lè mọ àwọn tó ń wọlé. Wọ́n mú ọ̀pọ̀, wọ́n sì gba àwọn ọmọ sílẹ̀. Síbẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, àwòrán ọmọ ọlọ́mọ ṣì ń lọ látọwọ́ dé ọwọ́, ọlọ́pàá ló wá ń ṣọ́ ilẹ̀kùn. Kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi lọ geere o.

Àwọn kan ní kí wọ́n ti gbogbo ẹ̀ pa. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń sá fún ọkọ tó ń lù ú wà nínú dánfó yẹn, oníròyìn tí ìjọba ń wá náà wà níbẹ̀. Olè ni kí wọ́n wọ́ sọ̀ kalẹ̀, bí wọ́n ṣe wọ́ Ulbricht. Kí wọ́n má jó ọkọ̀.