Ọjọ́ Tí Wọ́n Dájọ́ Àwọn Òkú ní Medveđa

Nínú ìtàn àròsọ, iṣẹ́ ẹgbẹ́ ọdẹ tó ń gba ìlú lọ́wọ́ òkú kì í lọ́jú pọ̀: òkú dìde, ọdẹ yọ idà, ilẹ̀ mọ́, ìlú yọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà lójú ayé, tí dókítà ìjọba sì dúró tì wọ́n, tó ń kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni, ọjọ́ keje oṣù kìíní ọdún 1732, ní Medveđa, abúlé kan létí odò Morava Ìwọ̀-Oòrùn ní ilẹ̀ Sẹ́bíà. Ìwé tí Johann Flückinger, dókítà ọmọ ogun Ọ́síríà, fọwọ́ sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ṣì wà títí dòní. Bó ṣe to ọ̀rọ̀ rẹ̀ la fi to ọjọ́ náà, a sì fi ìrìn oòrùn ìgbà òtútù wọn aago rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ bá wọn rìn ín, nítorí àwọn tí wọ́n dá lẹ́bi lọ́jọ́ náà kò lẹ́nu tí wọ́n lè fi rojọ́.

Òru mọ́jú

Hajduk ni wọ́n ń pe àwọn ọkùnrin Medveđa. Nígbà tí Tọ́kì fi apá àríwá Sẹ́bíà sílẹ̀ fún Ọ́síríà nínú àdéhùn Passarowitz lọ́dún 1718, ìjọba Ọ́síríà fún irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ létí ààlà, wọ́n sì ń fi ìbọn ṣọ́ ààlà náà padà. Àgbẹ̀ ni wọ́n, ẹ̀ṣọ́ sì ni wọ́n.

Ṣùgbọ́n ní ìgbà òtútù yìí, inú ilé wọn gan-an ni wọ́n ń ṣọ́. Láàárín oṣù mẹ́ta, èèyàn 17 ti kú lábúlé náà, ọmọdé àti àgbà, àwọn mìíràn láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta péré. Ìjọba ti rán Glaser, dókítà tó ń mójú tó àjàkálẹ̀ àrùn, síbẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 1731. Ó rí i pé bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ìdílé méjì tàbí mẹ́ta a kó ara wọn jọ sínú ilé kan ṣoṣo. Àwọn kan a sùn, àwọn yòókù a la ojú sílẹ̀. Wọ́n sọ fún un pé kàkà kí àwọn kú báyìí tán, àwọn á kẹ́rù kúrò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ló kó àwọn ọ̀gá ológun ní Belgrade láyà sókè, torí bí ẹ̀ṣọ́ bá ṣí lọ, ta ni yóò ṣọ́ ààlà?

Glaser kò rí àjàkálẹ̀ àrùn kankan. Ohun tó rí ni ebi àti oúnjẹ tí kò dára, pẹ̀lú ààwẹ̀ líle tí àwọn ọmọ ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ń gbà kí Kérésìmesì tó dé. Àwọn ará abúlé ní ìyẹn kọ́. Wọ́n ní òkú ló ń jí wá pa àwọn. Àkúdàáyà tiwa a máa lọ bẹ̀rẹ̀ ayé mìíràn ní ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n. Òkú tiwọn, ilé ara rẹ̀ ni wọ́n ní ó ń padà wá, tí ń fún ẹbí àti aládùúgbò lọ́rùn, tí ń mu ẹ̀jẹ̀ wọn.

Bíi aago méje ààbọ̀ òwúrọ̀

Oòrùn yọ. Ní ìgbà yìí nínú ọdún, oòrùn kì í pẹ́ lójú ọ̀run níbẹ̀ ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́sàn-án lọ. Lórí kàlẹ́ńdà àtijọ́ tí ìjọ wọn ń tẹ̀ lé, ọjọ́ kẹta Kérésìmesì ni, àjọ̀dún Stéfánù Mímọ́. Ó yẹ kí ilé kún fún oúnjẹ lẹ́yìn ààwẹ̀ ogójì ọjọ́. Àlejò tó wà lábúlé ni Flückinger, àwọn dókítà méjì tí wọ́n fi tì í, Siegel àti Baumgarten, àti àwọn ọ̀gágun tí Belgrade yàn láti wá wádìí ọ̀rọ̀ náà.

Òwúrọ̀ títí di ọ̀sán

Wọ́n gbọ́ ẹjọ́ kí wọ́n tó gbé ṣọ́bìrì. Àwọn tó rojọ́ ni olórí àwọn hajduk, ẹni tó ń gbé àsíá wọn, àti àwọn àgbà wọn. Ọ̀rọ̀ Arnold Paole ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, hajduk kan tó já bọ́ láti orí kẹ̀kẹ́ koríko ní nǹkan bí ọdún márùn-ún ṣáájú, tí ọrùn rẹ̀ ṣẹ́. Nígbà ayé rẹ̀, Paole máa ń sọ pé òkú amùjẹ̀ kan yọ òun lẹ́nu nítòsí Kosovo, lábẹ́ ìjọba Tọ́kì, àti pé òun jẹ nínú erùpẹ̀ sàréè rẹ̀, òun sì fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pa ara kí òun lè bọ́. Kò tó oṣù kan lẹ́yìn ikú rẹ̀ tí àwọn kan fi ké pé ó ń wá bá àwọn lóru. Mẹ́rin nínú wọn kú. Ní ogójì ọjọ́, wọ́n hú u. Wọ́n ní ara rẹ̀ kò jẹrà, ẹ̀jẹ̀ sì ń ti ojú, imú, ẹnu àti etí rẹ̀ jáde. Wọ́n kan igi ẹlẹ́nu ṣóńṣó mọ́ ọkàn rẹ̀, wọ́n ní ó kérora, wọ́n sì sun ún. Àwọn mẹ́rin tó kú náà, bákan náà ni wọ́n ṣe wọ́n.

Lẹ́yìn náà ni hajduk kan tí ń jẹ́ Jowiza sọ tirẹ̀. Ọmọbìnrin kan nínú ẹbí rẹ̀, Stanacka, sùn ní àlàáfíà. Ní ọ̀gànjọ́ òru ó ta jí, ó figbe ta, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní Milloe, ọmọ hajduk kan tó ti kú láti ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, ló wá fún òun lọ́rùn. Àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ara rẹ̀ ń burú sí i láti wákàtí dé wákàtí, ní ọjọ́ kẹta ó kú. Ọmọ ogún ọdún ni.

N kò lè fi baba yìí ṣẹ̀fẹ̀. Ẹni tó gbé ọmọ sin lójijì á wá ẹni tó pa á. Ohun tó ṣe é kò yé e, àwọn àgbà tó yí i ká sì ti ní ìdáhùn nílẹ̀ kó tó béèrè.

Lẹ́yìn ọ̀sán

Flückinger kọ ọ́ pé ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n lọ sí itẹ́ òkú, àwọn àgbà hajduk sì bá wọn lọ. Wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ni oòrùn kù sí i láti ọ̀sán gangan. Bí a bá pín in sórí òkú tó lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n hú, kò kan ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ogún ìṣẹ́jú.

Sàréè Stana ni wọ́n kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Òun náà, ọmọ ogún ọdún ni. Oṣù méjì ṣáájú ló kú lórí ìkúnlẹ̀, lẹ́yìn àìsàn ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ tó bí kú lójú ẹsẹ̀. Wọn kò sin ín dáadáa, ajá sì ti jẹ nínú rẹ̀. Ẹ̀sùn tó wà lọ́rùn ìyá ni pé òun fúnra rẹ̀ sọ, kó tó kú, pé òun ti fi ẹ̀jẹ̀ òkú amùjẹ̀ pa ara rí.

Dókítà là á. Ẹ̀jẹ̀ tí kò dì wà nínú àyà rẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀, ikùn, ìfun, gbogbo rẹ̀ ló kọ pé ó tutù bíi ti ẹni tí ara rẹ̀ le. Awọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ti ń bọ́ pẹ̀lú èékánná àtijọ́, ohun tó jọ èékánná tuntun sì hàn lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún kọ ohun kan tó yẹ kó dá ọwọ́ gbogbo wọn dúró: ilé ọmọ Stana tóbi, ó sì wú, nítorí pé ibi ọmọ kò jáde, inú rẹ̀ sì ti jẹrà pátápátá.

Kò sí agbẹ̀bí tó máa gbọ́ èyí tí kò ní mọ ohun tó pa á. Ibi tí kò bọ́ lára obìnrin a máa ba ilé ọmọ jẹ́, ibà a gun orí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a sì dìdàkudà. Ọjọ́ mẹ́ta tí Stana fi ṣàìsàn bá a mu. Ohun tó pa á wà lábẹ́ ọ̀bẹ dókítà, ó fojú ara rẹ̀ rí i, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, síbẹ̀ ó ka Stana mọ́ àwọn òkú tó ń pààyàn.

Miliza ló tẹ̀ lé e, ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún tó ti wà nílẹ̀ fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ ó lé. Bí wọ́n ṣe ń là á, ẹnu ya àwọn hajduk tó yí i ká. Wọ́n ní láti kékeré làwọn ti mọ̀ ọ́n, pé títí ó fi kú, tín-ín-rín gbígbẹ ló rí. Inú sàréè ló ti sanra. Wọ́n ní òun ló dá ọ̀ràn tuntun náà sílẹ̀, nítorí ó jẹ ẹran àgùntàn tí àwọn òkú àtijọ́ ti pa.

Lónìí, a lè ṣàlàyé gbogbo ohun tí wọ́n rí. Bí ara òkú bá ń bàjẹ́, afẹ́fẹ́ a kún inú rẹ̀, a sì wú u. Ìyẹn ni sísan tí wọ́n ní Miliza san. Afẹ́fẹ́ náà a ti omi ẹlẹ́jẹ̀ jáde ní imú àti ẹnu. Ẹ̀jẹ̀ òkú tó ti dì lè tún dà bí omi. Awọ òkè a bọ́, a sì fi èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ hàn ní pípọ́n. Ilẹ̀ tó tutù nini ní ìgbà òtútù a sì máa fa ọwọ́ ìdibàjẹ́ sẹ́yìn, tó fi jẹ́ pé òkú méjì nínú itẹ́ kan náà lè má rí bákan náà.

Kí oòrùn tó wọ̀

Sàréè ń ṣí. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Milloe, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tí Stanacka dárúkọ. Joachim, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ruscha pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọlọ́jọ́ méjìdínlógún. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́wàá. Gbogbo wọn ni wọ́n dá lẹ́bi. Wọ́n dé orí Stanacka fúnra rẹ̀: ojú rẹ̀ pọ́n, ẹ̀jẹ̀ dà ní imú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbé e jáde, àpá tó ṣẹ̀jẹ̀ wà lábẹ́ etí rẹ̀ ọ̀tún, gígùn rẹ̀ tó ìka kan. Ẹni tó fi ẹkún ròyìn bí wọ́n ṣe pa á, òun náà di apààyàn.

Márùn-ún péré ni wọ́n dá láre nítorí pé wọ́n ti jẹrà: ìyàwó olórí hajduk àti ọmọ rẹ̀, ìyàwó ẹni tó ń gbé àsíá àti ọmọ rẹ̀, àti ìránṣẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá wọn. Flückinger tilẹ̀ kọ ọ́ pé ilẹ̀ tí wọ́n sin ìyàwó olórí sí kò yàtọ̀ sí ti àwọn ẹlẹ́bi tó wà nítòsí rẹ̀. N kò sọ pé ẹnikẹ́ni parọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka ìwé náà á rí i pé ilé àwọn tó dúró ṣẹjọ́ lọ́jọ́ náà ni ìdáláre wọ̀.

Bíi aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́

Nígbà tí àyẹ̀wò parí, àwọn ẹ̀yà Rómà tó ń gbé ládùúgbò ni wọ́n fi iṣẹ́ tó burú jù lọ lé lọ́wọ́. Àwọn ni wọ́n gé orí àwọn òkú tí wọ́n dá lẹ́bi. Wọ́n sun orí àti ara, wọ́n sì da eérú sínú odò Morava. Àwọn tó ti jẹrà ni wọ́n dá padà sínú sàréè wọn. Oòrùn ìgbà òtútù kò dúró de ẹnikẹ́ni.

Alẹ́

Flückinger, Siegel àti Baumgarten fọwọ́ sí ìwé náà. Ní ọjọ́ 26 oṣù kan náà, àwọn ọ̀gágun méjì jẹ́rìí sí i ní Belgrade. Kí ọdún náà tó parí, àwọn ìwé ìròyìn ti gbé e káàkiri Yúróòpù, àwọn ọ̀mọ̀wé sì ń jiyàn lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú ìtàn òkú amùjẹ̀ tí fíìmù àti ìwé ń tà fún wa lónìí ti gbéra.

Ọdún 1755 ni ìgbàlà tòótọ́ dé. Wọ́n tún hú òkú kan sun ní ilẹ̀ Sílésíà. Ọbabìnrin Maria Theresa ti Ọ́síríà ní kí dókítà rẹ̀, Gerard van Swieten, yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Van Swieten sọ ọ́ kedere pé àìmọ̀kan àti ẹ̀rù ló wà nídìí rẹ̀. Ọbabìnrin fòfin de híhú òkú, kíkan igi mọ́ ọn, àti sísun ún. Òfin yìí ló gba òkú lọ́wọ́ alààyè.

Àwa náà kò lè fọwọ́ lẹ́rán kí a ní ọ̀rọ̀ Sẹ́bíà nìyẹn. Ilẹ̀ wa mọ òkú ọmọ tí wọ́n fi abẹ kọ lára, tí wọ́n gé ní ìka, nítorí pé wọ́n ní àbíkú ni, bẹ́ẹ̀ àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ló pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. A sì mọ ìyá arúgbó tí àdúgbò ń nàka sí nígbàkígbà tí ọmọdé bá kú. Akin ni àwọn hajduk Medveđa. Ẹni tó fẹ́ gba ìlú rẹ̀ sílẹ̀ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n akin tí kò wádìí, ara ẹni tí kò lè gbèjà ara rẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń bà. Ká ní wọ́n fi ọ̀sán ọjọ́ náà wá oúnjẹ fún àwọn tí ebi ń pa àti ìtọ́jú fún àwọn aláboyún tó kù lábúlé, wọn ì bá ti gba ẹ̀mí là. Ẹ̀ṣọ́ tó bá máa dáàbò bo ìlú ní láti kọ́kọ́ béèrè ohun tó pa òkú, kó tó béèrè ẹni tí òkú pa.