ÌPÈSÈ ÌRÌN-ÀJÒ ÌMỌ̀: Ẹ̀KỌ́ LÁTI INÚ ÌTÀN WA

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó fi ìmọ̀ ṣe ẹ̀ṣọ́ fún ọmọ ènìyàn. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí àti ẹ̀yin òbí wa, agboolé tí a kò ti ní í rí ọmọ kan tí ó ń múra àti lọ kàwé ní òkè òkun ti ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá báyìí. Bí a bá béèrè irú ẹ̀kọ́ tí ọmọ náà fẹ́ lọ kọ́, kíá ni wọn yóò dáhùn. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè ibi tí owó yóò ti wá, èsì tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé, "Ọlọ́hun á ṣe é." Òótọ́ ni, Ọlọ́hun ni yóò ṣe é. Àmọ́ kí ni ìtàn ẹ̀sìn wa àti ìtàn àwọn baba wa sọ nípa ẹni tí ó fẹ́ rin ìrìn-àjò?

Ibn Abbas (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) sọ ọ́, ó sì wà nínú àkójọ Bukhari, pé àwọn ará Yẹ́mẹ̀nì kan máa ń wá sí Háàjì láìmú ìpèsè kankan dání. Wọ́n ní àwọn gbára lé Ọlọ́hun. Nígbà tí wọ́n bá dé Mẹ́kà tán, agbe ni wọn yóò máa ṣe kiri. Nítorí wọn ni Ọlọ́hun ṣe sọ ọ̀rọ̀ kan kalẹ̀ nínú Súrátù Bákárà, ẹsẹ 197, tí Ó fi pàṣẹ pé kí arìnrìn-àjò máa mú ìpèsè dání, tí Ó sì jẹ́ kí a mọ̀ pé ìbẹ̀rù Ọlọ́hun ni ìpèsè tí ó dára jù. Ẹ kíyè sí i pé Ọlọ́hun kò fi ìbẹ̀rù Rẹ̀ rọ́pò oúnjẹ àti owó ọ̀nà. Méjèèjì ni Ó fẹ́ kí a dì sí ẹrù. Ànábì Yúsúfù pàápàá, nígbà tí ó túmọ̀ àlá ọba Mísírà, ọdún méje ni ó ní kí wọ́n fi pa ọkà mọ́ de ọdún méje ìyàn.

Ọ̀rọ̀ tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu wa, pé kí a wá ìmọ̀ títí dé Ṣáínà, àwọn onímọ̀ hádíìsì ti sọ pé okùn rẹ̀ kò yi. Ṣùgbọ́n a ní èyí tí ó yi jù ú lọ. Jabir ọmọ Abdullah, Sàábé Ànábì, gbọ́ pé hádíìsì kan ṣoṣo wà lọ́wọ́ Abdullah ọmọ Unays ní ilẹ̀ Ṣáàmù. Ó rin ìrìn oṣù kan gbáko kí ó lè gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Kí ni ó kọ́kọ́ ṣe? Ó ra ràkúnmí, ó di gàárì rẹ̀, kí ó tó gba ọ̀nà lọ. Ẹni tí ó tó bẹ́ẹ̀ nínú ìgbàgbọ́ kò fi ẹsẹ̀ lásán wọ aginjù.

Lẹ́yìn ìgbà àwọn Sàábé, àwọn ìyá ni ó ru ẹrù náà jù. Wọ́n sọ pé ìyá Sufyan al-Thawri ti ìlú Kufa ní kí ọmọ òun lọ wá ìmọ̀, òun yóò fi òwú tí òun ń ran bọ́ ọ. Ìmáàmù Sháfíì, tí wọ́n bí ní ọdún 767, kò ní bàbá láyé láti kékeré, ìyá rẹ̀ kò sì rí owó fún olùkọ́ ní Mẹ́kà. Nígbà tí ó dàgbà, tí ọ̀nà Yẹ́mẹ̀nì ṣí fún un, ìyá yìí kò ní ohun tí yóò fi dì í lẹ́rù. Ilé ni ó fi dúró, ó gba dínárì 16 lé e lórí. Sùgbọ́n ẹ má ṣe gbàgbé pé iṣẹ́ ni Ìmáàmù ń lọ ṣe ní Yẹ́mẹ̀nì nígbà náà, gómìnà ibẹ̀ ni ó sì ń bá lọ. Ìyá náà mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ ń lọ, ó sì mọ ẹni tí ó ń bá rìn. Ti ẹni tí ó fi ilé dúró lórí ọ̀rọ̀ ẹnu aṣojú tí kò mọ̀ rí yàtọ̀ sí èyí.

Kì í ṣe tálákà nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Ní ọdún 1324, Mansa Musa, ọba Máálì, gba Káírò kọjá lọ sí Háàjì. Wúrà tí ó ná níbẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí iye wúrà fi wálẹ̀ ní ọjà Mísírà. Nígbà tí ó ń bọ̀, owó ti tán lọ́wọ́ rẹ̀. Al-Umari, tí ó kọ ìtàn náà, sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò Káírò ni ọba ti yá owó, èrè tí wọ́n sì gbà lórí rẹ̀ pọ̀ jọjọ. Ọba tí ó ni ibi tí a ti ń wa wúrà ni ó di ajigbèsè yìí! Owó púpọ̀ láìsí ìṣirò kò lè gbé ènìyàn lọ kí ó sì gbé e bọ̀.

Àwọn ará Kánẹ́mù gba ọ̀nà mìíràn. Ní nǹkan bí ọdún 1242, nígbà tí àwọn èèyàn wọn kan ń lọ sí Háàjì, wọ́n fi owó kalẹ̀ ní Mísírà kí wọ́n fi kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Ibn Rashiq. Ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti ilẹ̀ wọn wá yóò máa dé sí. Ní Azhar náà láyé àtijọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní riwáàkì tiwọn, níbi tí wọ́n ti máa ń sùn, tí owó wákáfù sì máa ń bọ́ wọn. Owó tí ẹnì kan fi kalẹ̀ nítorí Ọlọ́hun ń jẹ́ kí ọmọ ẹlòmíràn kàwé lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Nílé wa níbí, àgbájọ ọwọ́ ni àwọn baba wa fi ń sọ̀yà. Samuel Johnson kọ nípa èésú nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí ó jáde ní 1921. Èésú náà ni àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé dé Trinidad, tí wọ́n ń pè ní "susu" níbẹ̀ títí di òní. Bí èèyàn 12 bá ń dá 50,000 náírà lóṣooṣù, ẹnì kan yóò kó 600,000 náírà lóṣù kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kó o ti rí owó yá láìsan èlé. Ẹni tí ó kó gbẹ̀yìn ti pa owó mọ́. Kò sí ribá níbẹ̀. Owó ọjọ́ kan tí alájọ ń yọ lóṣù, owó iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ohun tí ó lè ba èésú jẹ́ ni àìṣòótọ́: kí ẹnì kan kó tirẹ̀ tán kí ó má dá mọ́.

Ọ̀nà àgbájọ yìí náà ni ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen gbà láti 1923 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní Èkó, kí ọmọ Mùsùlùmí lè kàwé láìyí ẹ̀sìn padà. Ní 1938, àwọn Ìbíbíò dá owó jọ, wọ́n fi rán ọmọ wọn mẹ́fà lọ sí òkè òkun. Ladipo Solanke, tí ó wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ WASU sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1925, rin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti 1929 sí 1932, ó ń gba owó fún ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò máa gbé. Ní 1933 ni wọ́n ṣí ilé náà.

Lóde òní, ọ̀tá kan ti dìde sí ẹni tí ó ń pa owó mọ́. Ní 1985, náírà kan ju dọ́là kan lọ. Ìjọba sọ náírà sí ọjà ní 1986, láti ìgbà náà ni ó sì ti ń relẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Okúdù 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní báńkì. Kí Èrèlé 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,400. Ẹni tí ó ń wá 10,000 dọ́là, tí ó ti rò pé mílíọ̀nù márùn-ún náírà yóò tó òun, ó di mílíọ̀nù mẹ́rìnlá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí a bá ti ń rí owó, ẹ jẹ́ kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí owó ilẹ̀ tí a ń lọ, kí á sì rántí pé lọ́wọ́-lọ́wọ́ ni Ṣẹ̀ríà fẹ́ kí á máa pààrọ̀ owó, kì í ṣe àwìn.

Ọ̀fìn mìíràn tún wà. Ìlú Ọba máa ń fẹ́ kí owó ìgbọ́bùkátà akẹ́kọ̀ọ́ ti wà ní báńkì fún ọjọ́ 28 léraléra kí wọ́n tó fún un ní físà. Àwọn kan ń yá owó ẹlòmíràn fún ọjọ́ wọ̀nyí, wọ́n ń san èlé lé e, wọ́n sì ń dá a padà. Ribá nìyẹn, irọ́ sì nìyẹn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, nígbà tí ọmọ náà bá gúnlẹ̀ tán, kò ní owó kankan lọ́wọ́. Òtútù mú un, onílé ń béèrè owó, wákàtí iṣẹ́ tí òfin sì fún un láàárín ọ̀sẹ̀ kò lè san owó ilé-ẹ̀kọ́. Kí ni ó yà á sọ́tọ̀ sí àwọn ará Yẹ́mẹ̀nì ìjọ́sí?

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí ìpamọ́ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọ ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga nílé, kí ó má jẹ́ ọjọ́ tí lẹ́tà ìgbaniwọlé dé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa fi tiyín kún un. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ àdúgbò àti ti mọ́sálásí, a lè dá alájẹṣẹ́kù tí kò ní èlé sílẹ̀. Bí ọdún kan kò bá tó, ẹ jẹ́ kí ó di méjì. Ìmọ̀ kò ní í sá lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Kí Ọlọ́hun fi owó mímọ́ rán àwọn ọmọ wa níṣẹ́, kí Ó mú wọn lọ ire, kí Ó mú wọn bọ̀ ire pẹ̀lú ìmọ̀ tí yóò ṣe wá láǹfààní. Àmín.